Ta ló kó gàrí màmá lọ?

Ará Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ní ká sọ àṣìṣe kóòdù tó ti dójú tì wá rí, èmi náà ní tèmi. Mo ń fi Flutter, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù, ṣe áàpù kan fún màmá kan tó ń ta gàrí ní Tákíé, káwọn oníbàárà wọn lè máa ti orí fóònù ra ọjà. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ hàn wọ́n, wọ́n tẹ kóńgò mẹ́wàá, 10 yọ lókè kedere, wọ́n wá ṣí ibi tí wọ́n ti ń sanwó, òfo! Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "ọmọ mi, ta ló kó gàrí mi lọ?" Ojú gbà mí tì.

Lálẹ́ mo ka kóòdù ojú ewé méjèèjì títí, mi ò rí nǹkan kan, ìgbà tó sú mi ni mo ní kí oníkálukú wọn print identityHashCode, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀, ti CartModel (ibi tí áàpù ń kó ọjà tí wọ́n yàn sí) tó ń lò. Nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Àṣé registerFactory ni mo kọ sínú get_it, irinṣẹ́ tó ń gbé CartModel fún àwọn ojú ewé, gbogbo ìgbà tí ojú ewé kan bá ti béèrè model, tuntun ló ń gbé fún un, bíi kí ọmọṣẹ́ méjì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan náà kí kálukú máa kọ gbèsè sínú ìwé tiẹ̀. Mo yí i sí registerLazySingleton, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló máa ṣe tí gbogbo wọn á jọ máa lò. Gàrí padà délé.

Ará Ọ̀yọ́: Tiyín ṣì dáa bọ̀dá. Èmi, orí sáfà (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀) ni, ASP.NET Core tí wọ́n fi ń kọ ètò orí sáfà ni mo lò, AddSingleton, tó ń ṣe ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, ni mo fi gbé cart (agbọ̀n ọjà) sí i, mo gbàgbé pé sáfà kan náà ni gbogbo oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ní Akẹ̀sán kó ata sí cart, ẹlòmíì ní Awẹ́ ṣí tiẹ̀, ó bá ata tí ò rà níbẹ̀, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ lu òun ní jìbìtì ni. AddScoped ni mo padà lò, request (iṣẹ́ tí oníbàárà rán sí sáfà) kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, cart fúnra rẹ̀ wá ń gbé inú database, ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́: Yéè! Màmá àti ọmọ wọn ló jọ ń lo fóònù kan o. Tí ìkan bá logout, cart rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ de ìkejì nìyẹn. Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ fi resetLazySingleton, tó ń da ti àtijọ́ nù kí tuntun lè wá, sí i kí wọ́n tó tún pè mí.