Pírńtà lésà ń kọ 50.2: ṣé odidi fuser ni kí n pààrọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Pírńtà ọ́fíìsì wa ń kọ "50.2 Fuser Error": fuser (ẹ̀yà tó ń fi ooru lẹ tónà mọ́ bébà) ò tètè gbóná. Mo pa á fún ìṣẹ́jú 30, mo yọ ọ́ kúrò lára UPS, mo so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà. Iná jẹ́ 218V. Kò yí padà.

Mo tú fuser. Mítà ka 58Ω lórí hítà, nítorí náà kò já. Òǹkà thermistor (ẹ̀yà kékeré tó ń wọn ooru fuser) ń lọ sílẹ̀ bí mo ṣe ń fi ìka mú un. Fíìmù fuser náà ò ya. Àmọ́ pín kan níbi tí wáyà hítà ti wọlé ti dúdú, ike rẹ̀ sì ti yọ́ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí, torí pín tó bá jó kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n pààrọ̀ ibẹ̀ nìkan, àbí triac (ẹ̀yà tó ń tan iná hítà tó sì ń pa á) orí bọ́ọ̀dù iná ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?