Ìrírí Wa Lórí Kẹ̀kẹ́ Yíká Erékùṣù Arran

Ọmọ Ìjẹ̀bú Glasgow: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti pinnu pé nínú oṣù Okúdù tó ń bọ̀, èmi náà yóò gun kẹ̀kẹ́ yí Arran ká, erékùṣù tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, tí ọ̀nà tó yí i ká gùn tó máìlì 55. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.

Ìyá Tóbi: Ojú wa rí òkè.

Bàbá Ìbejì: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni a jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ardrossan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, a sì gúnlẹ̀ sí Brodick kó tó pé wákàtí kan. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. A kọrí sí gúúsù, nítorí ọ̀rẹ́ mi ní kí a kọ́kọ́ jẹ èyí tó korò. Láti Whiting Bay títí kọjá Lagg, ọ̀nà náà kò jẹ́ kí a sinmi: bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán ni a tún ń gòkè, afẹ́fẹ́ sì dojú kọ wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Nígbà tí a kọjá Blackwaterfoot, ilẹ̀ tẹ́jú, afẹ́fẹ́ yẹn kan náà wá bọ́ sí ẹ̀yìn wa, òkun wà lọ́wọ́ òsì, mo sì ń kọrin.

Orin náà ni mo kọ dé Lochranza, níbi tí àgbọ̀nrín ti ń jẹko lórí pápá gọ́ọ̀fù bí ewúrẹ́ ilé. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti fi etíkun sílẹ̀, tó gba àárín òkè lọ sí Sannox. Boguillie ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ó sì ga tó nǹkan bí 200 mítà. Ìdajì rẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti kọ iṣẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, ni ìyá àgbà kan tó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bá kọjá lára mi, tó sì kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ìkíni náà dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ.

Ìyá Tóbi: Ìyá àgbà náà ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí.

Akin Ẹlẹ́sẹ̀-irin: Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì, ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ kò gùn ún. Ẹ yí erékùṣù náà ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ẹ fi rin apá kan rẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Akin, ìwọ tí o gba String Road la àárín erékùṣù kọjá lọ́dún tó kọjá, tí o padà wálé tí o ní o ti yí Arran ká, ṣé ìwọ náà ló ń bá mi wí?

Akin Ẹlẹ́sẹ̀-irin: Òjò ló lé mi síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì rántí pé String Road ga ju Boguillie yín lọ, n kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Tóbi: Ẹni tó gba àárín ọjà kọjá kò yí ọjà ká.

Àdùkẹ́ Leeds: Ohun tó fìyà jẹ Bàbá Ìbejì ni pé wọ́n kọ́kọ́ lọ sí gúúsù. Àríwá ni èmi gbà, láti Brodick sí Corrie, mo sì kojú Boguillie nígbà tí agbára ṣì wà lára mi. Nígbà tí mo fi dé orí rẹ̀, n kò tíì mu omi tó kún ife kan.

Akin Ẹlẹ́sẹ̀-irin: Àǹtí, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti sábà máa ń wá. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí ẹ ṣe kọjú sí i láti Lochranza dé Blackwaterfoot.

Àdùkẹ́ Leeds: N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Bàbá Ìbejì: Apá òsì ọ̀nà ni a sì ń gbà nílùú yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sí gúúsù ni òkun yóò máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àdùkẹ́ yóò máa wo òkun kọjá orí mọ́tò.

Olùkọ́ Fẹ́mi: Kí ẹ tó dé Lochranza, ẹ dúró ní Catacol. Ilé 12 ló tò síbẹ̀ tó kọjú sí òkun, Àpọ́sítélì Méjìlá ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n kọ́ wọn fún àwọn tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí àgbọ̀nrín lè ráyè, inú sì bí àwọn ènìyàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò kọ́kọ́ gbé inú wọn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, n kò lè fi ojú kan náà wo àgbọ̀nrín Bàbá Ìbejì mọ́.

Ìyá Tóbi: Wọ́n lé ènìyàn nítorí ẹran? Ta ni yóò pa ẹran náà jẹ?

Olùkọ́ Fẹ́mi: Àwọn olówó tó wá ṣọdẹ ni. Ní Sannox, tí ẹ sáré kọjá yẹn, àwọn tí a lé lọ́dún 1829 wọkọ̀ lọ sí Kánádà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Glasgow: Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n bí taya bá jò ńkọ́? Mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kò pọ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn.

Àlàbí: Tèmi jò nítòsí Machrie. Kò sí fọkanáísà lábẹ́ igi níbẹ̀ o. Mo ní túùbù, mo ní póńpù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti rọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, bí mo sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kantíkantí bò mí. Ọwọ́ kan ń tún taya ṣe, ọwọ́ kejì ń gbá ojú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ìṣẹ́jú ogójì ṣe.

Àdùkẹ́ Leeds: Ogójì? Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́, ẹ kò mọ̀ ọ́n tún ṣe ni.

Àlàbí: Kí kantíkantí Arran dá wa lẹ́jọ́.

Ìyá Tóbi: Èmi àti àwọn ọmọ, Great Cumbrae, erékùṣù kékeré kan nítòsí Arran, ni a gun kẹ̀kẹ́ yíká. Máìlì mẹ́wàá ni, ọ̀nà tẹ́jú, a sì ti jẹ mọ́ínmọ́ín wa tán kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Glasgow: Mo ti gbọ́. Gúúsù ni n ó kọ́kọ́ gbà, n ó sì mú túùbù méjì dání.

Bàbá Ìbejì: Ṣọ́ra fún ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Akin Ẹlẹ́sẹ̀-irin: Ẹ̀gbọ́n, ó ti fi yín sílẹ̀ rí, àbí?

Bàbá Ìbejì: Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.