Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: òdòdó búlúù tí kò lórúkọ

ÌyáÌbejì_Peckham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo ra òdòdó búlúù kan lọ́jà lánàá, kò sí orúkọ lára ìkòkò rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní Campanula ni, òdòdó alágogo. Aládùúgbò mi ní rárá, Gentiana ni. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀? Mo tún fẹ́ ra méjì sí i sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí òòrùn àárọ̀ nìkan ń dé. Èwo ni kí n rà?

Bàbá_Ọlọ́gbà:
Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ fi òdòdó sílẹ̀ ná, ewé ni kẹ́ ẹ wò. Ti Campanula, ọ̀kan níbí, òmíràn lókè díẹ̀ lódìkejì. Ti Gentiana, méjì-méjì ni wọ́n ń kọjú síra. Lẹ́yìn náà, ẹ já ewé kan. Bí oje funfun bá sun jáde bíi ti ìbẹ́pẹ tútù, ìdílé Campanula nìyẹn. Gentiana kì í sun wàrà, kíkorò ló ń korò, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tọ́ ewé tẹ́ ẹ ò mọ̀ wò. Lórí òkè Alps, wọ́n máa ń wa gbòǹgbò Gentiana lutea, olódòdó yẹ́lò, fi ṣe ọtí kíkorò. Kó tó yọ òdòdó, Veratrum album jọ ọ́ gan-an, májèlé sì nìyẹn. Ewé ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ti Veratrum kì í kọjú síra.

Àbẹ̀kẹ́_Òdòdó:
Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èmi máa ń wo abẹ́ òdòdó. Ilé irúgbìn Campanula máa ń wú sísàlẹ̀, níta gbangba. Ti Gentiana fara pamọ́ sínú, àfi tẹ́ ẹ bá ya òdòdó náà. Ẹ tún wo inú Campanula tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là: eruku òdòdó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá àárín rẹ̀, torí kó tó là ló ti gbà á sára. Tó bá yá, orí ọ̀pá yẹn á là sí mẹ́ta, á wá gba eruku tí oyin gbé wá láti ara òmíràn. Mo lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Tádé_Kent:
Mà, ẹ ra Campanula portenschlagiana. Inú pàlàpálá àpáta ní Croatia ló ti wá, kò ní wàhálà, ó sì ń gba ibòji. Ìgbín tí kò ní ìkaraun nìkan ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Gentiana sino-ornata rẹwà, àmọ́ kò fẹ́ràn ẹfun rárá. Ẹ wo inú kẹ́tù yín: bí ẹfun funfun bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, omi ẹ̀rọ yín kò ní bá a lára mu, omi òjò ló ń fẹ́. Tó bá jẹ́ Gentiana lọkàn yín fẹ́ dandan, ẹ ra septemfida, òun máa ń fara da ẹfun.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ jẹ́ n fi ti ilé kún un. Igi ṣápó wa, Anthocleista, ìdílé Gentiana ni wọ́n kà á mọ́ báyìí. Ewé rẹ̀ lè gùn ju apá àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ méjì-méjì náà ló ń kọjú síra.

ÌyáÌbejì_Peckham:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ewé kan. Wàrà ni o! Ó ti lẹ̀ mọ́ mi níka. Inú kẹ́tù mi náà funfun báláú. Portenschlagiana méjì ni mò ń lọ rà ní Sátidé. Ẹ ṣeun gan-an.