Àwa tí a ti fọwọ́ kan ọmọrí inú e-paper, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní tiẹ̀ náà já lu ọ̀rọ̀. Hsinchu ní Taiwan ni mo wà, iṣẹ́ mi kì í yé àwọn èèyàn nílé rárá, ìyá mi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé fóònù ni mò ń tún ṣe, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọrí ni mò ń ṣe o, ọmọrí fún e-paper, sìkírìnì tó rí bí ìwé tí wọ́n ń lò fún Kindle, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ìwé.

Ẹ wò ó, òróró ló wà nínú sìkírìnì Kindle àti àwọn tó jọ ọ́, páúdà funfun àti dúdú wà nínú òróró yẹn, èyí funfun yẹn náà ni titanium dioxide tí wọ́n ń fi sínú ọ̀dà ilé. Ọ̀kan pọ́sítíìfù, ìkejì nẹ́gẹ́tíìfù, tí iná bá ti kàn wọ́n, èyí á gòkè, èyí á sọ̀ kalẹ̀, lẹ́tà á jáde, tí a bá sì pa iná lẹ́tà ṣì wà níbẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wá, tí wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ E Ink sílẹ̀ lọ́dún 1997, bọ́ọ̀lù tíntìntín ni wọ́n fi wé òróró náà. Èkejì, tí ilé-iṣẹ́ SiPix ní California ṣe kí E Ink tó rà wọ́n lọ́dún 2012, ife ni, ife kéékèèké tí ojú ò lè dá rí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sára ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á bu òróró kún un, wọ́n á wá fi pólímà, ohun tó jọ ike, bò ó lójú. Ìbòrí yẹn ni ọmọrí tí mò ń ṣe.

Kò gbọdọ̀ pò mọ́ òróró, kò gbọdọ̀ rì sínú ife, kò sì gbọdọ̀ ní ihò kankan tó bá gbẹ tán. Ìyẹn ṣì rọrùn o. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà iná ló jókòó sí. Fóltéèjì tí wọ́n sábà ń fún un ò ju 15 lọ, tí ọmọrí bá wá ń dí iná lọ́nà, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú 15 yẹn mì, páúdà á wá máa wọ́ rìn bí ẹni tí ò jẹun láti àná. Tí a bá tún pa iná, iná tó ti há sínú ọmọrí á máa ti páúdà padà sẹ́yìn, dúdú tó dúdú dáadáa á di eérú. Ó dáa, ká wá jẹ́ kó gbé iná gan-an ńkọ́? Iná á gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, lẹ́tà á wú. Ohun tó ń yọ wá ni pé ọmọrí yẹn tín-ín-rín gan-an, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò jìnnà, ṣùgbọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì jìnnà, torí náà ibì kan wà láàárín méjèèjì tí iná á lè kọjá lóròó tí kò sì ní lè rin ìbú débi kankan.

Ibi tí mo ti wá gbà fún Ọlọ́run ni ọ̀rinrin. Pólímà kan tí wọ́n ń pè ní PVA wà nínú ọmọrí wa, PVA fẹ́ràn omi, ó ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Ìgbà òtútù tí afẹ́fẹ́ gbẹ, fíìmù sìkírìnì kan náà ń lọ́ra, nígbà tó di ìgbà ooru tí gbogbo ara ń lẹ̀, fíìmù yẹn kan náà ló yá bí nǹkan míì, ọmọ China kan tí a jọ wà ní láàbù ní boyá ẹ̀rọ ìwọ̀n ló bà jẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó bà jẹ́ o jàre, omi ló ń bá wa gbé iná! Ìgbà yẹn la yí sí PEDOT:PSS, pólímà tó ń gbé iná fúnra ẹ̀, irú iṣẹ́ tí Heeger, MacDiarmid àti Shirakawa gba Nobel sí lọ́dún 2000. Òun náà ní ìwà tiẹ̀ sha. Ó láwọ̀ búlúù, àmọ́ ẹ̀yìn ni ọmọrí wà nínú tiwa, ojú ò rí i. Ó kan bí ásíìdì, ó lè jẹ ITO, ìpele tó mọ́ gaara tó ń gbé iná nínú sìkírìnì, tó bá fara kàn án, PSS inú ẹ̀ náà sì ń fa omi díẹ̀. Kí a tó yí sí i, dúdú kábọ́ọ̀nù, páúdà dúdú tó ń gbé iná, la kọ́kọ́ gbìyànjú, ìyẹn kò ní àárín: ẹ fi díẹ̀ sí i kò ṣe nǹkan kan, ẹ fi díẹ̀ kún un, iná tó ń gbé fò sókè lójijì.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Èmi ò sí ní láàbù o, súpámákẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Britain, àwọn ìwé iye owó orí ṣẹ́ẹ̀fù wa ti di e-paper. Ti ibi búrẹ́dì dáa, ti ibi tí ẹja dídì wà ló ń yọ mí lẹ́nu, iye owó tuntun á jáde tán, ti àná á ṣì hàn lábẹ́ ẹ̀ bí òjìji, oníbàárà á wá máa bá mi jà. Ṣé ọmọrí yín náà nìyẹn?

*

Àbúrò, ó lọ́wọ́ níbẹ̀. Tí òtútù bá mú, òróró á ki, ọmọrí náà á máa dí iná sí i, méjèèjì á dà á rú. Ẹ̀rọ tó dáa máa ń wọn ooru kó tó kọ nǹkan, tí òtútù bá wà á fún un níná pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n 0 sí 50 lórí ìwọ̀n Celsius ni èyí tó wọ́pọ̀ lè fara dà, inú fírísà kọjá ìyẹn, èyí tí wọ́n ṣe fún fírísà wà lọ́tọ̀. Sọ fún máníjà ẹ kó wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bóyá èyí tó yẹ ni wọ́n gbé síbẹ̀.

*

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀, Ikeja ni mo wà, mò ń tún Kindle ṣe. Èyí tí wọ́n ń gbé wá fún mi kì í ṣe ti ọmọrí rárá, gíláàsì ẹ̀yìn ló máa ń fọ́, wọ́n á ti jókòó lé e nínú dáńfó. Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ti parí ọmọrí, ẹ bá wa wo gíláàsì yẹn.