Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún ìpínlẹ̀ 9 láṣẹ láti pa òfin ìpínlẹ̀ 13 tì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú nípa ilẹ̀ 13 tó já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà ní 1776. Ìdí tí wọ́n fi kúrò yé mi. Bí wọ́n ṣe dá ìjọba sílẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò yé mi.

Òfin àjọṣe wọn àkọ́kọ́, tó múlẹ̀ ní 1781, sọ pé gbogbo ìpínlẹ̀ 13 ló gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè yí i padà. Òfin náà ò lágbára lóòótọ́: ìjọba àpapọ̀ ò lè gba owó orí, àfi kó máa tọrọ lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pàdé ní Philadelphia ní 1787, wọ́n kọ ọ́ pé bí 9 bá ti gba òfin tuntun, ó parí. Rhode Island, ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ 13 náà, ò tilẹ̀ rán ẹnikẹ́ni lọ, ọdún 1790 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà!

Kí ni wọ́n fi dá ara wọn láre? Ṣé wọ́n ní àṣẹ aráàlú ju ti ìpínlẹ̀ lọ ni? Kí sì ni Rhode Island jẹ́ ní gbogbo àkókò tó fi dá dúró yẹn? Ẹ bá mi là á yé.