Ẹ̀yin onijìtá, báwo lẹ ṣe ń pe orúkọ jìtá ES-335?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onijìtá. Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, ni mò ń gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta jìtá, ara mi ni mo sì fi kọ́ ọ.

Níbi ìdánrawò ní Sátidé, mo ní tí Ọlọ́run bá pèsè, màá ra Gibson ES-335. Mo wá ka nọ́ńbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "tírì, tírì, fáífù." Ẹ̀rín ta! Onílù wa ní "tírì tátì-fáífù" ni. Mo mọ̀ pé Electric Spanish ni E àti S yẹn, mo mọ̀ pé 1958 ló jáde. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni mo ti rí i, ìwé kì í sì í fọhùn.

JC-120 ti Roland, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá jáde yẹn, ńkọ́? Bọ̀ọ̀dá tó ń tẹ dùùrù kàn ń pè é ní "Jáàsì Kọ́rọ́ọ̀sì" ni tiwọn, ó parí. TS9, pẹ́dà tí wọ́n fi ń yí ohùn jìtá padà, kò le. MXR, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú pẹ́dà bẹ́ẹ̀, gan-an ni orúkọ rẹ̀ ń dà mí láàmú: ṣé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ ń pè ni, àbí bíi "míkísà"?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Mò ń lọ sí Àlábà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ò fẹ́ kí ọlọ́jà gbọ́ ẹnu mi kó fowó lé e.