Ṣé ó tọ́ kí n tún gbowó lórí àròkọ tí mo ti gbé jáde rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ní 2018, mo kọ àròkọ kan sórí Steemit, ìkànnì tí ìbò àwọn òǹkàwé ti ń mówó wá fún ẹni tó kọ àròkọ, nípa ìyá mi àgbà tó jẹ́ aláró: bó ṣe ń gún ewé aró, tó ń ṣù ú roboto, tó ń sá a sóòrùn, àti bí dúdú aró kì í ṣeé kúrò léèékánná rẹ̀. Ọjọ́ 7 péré ni àròkọ fi ń pawó níbẹ̀. Ìbò tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn kò mówó wá mọ́. Bóyá lèèyàn márùn-ún kà á.

Ní báyìí, mo fẹ́ tún un gbé jáde lórí Hive, irú ètò kan náà tó yapa kúrò lára Steem (ètò tí Steemit ń lò) ní 2020. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, n kò jí i. Àmọ́ inú àpò kan náà ni owó gbogbo wa ti ń wá. Ohun tí mo bá gbà, ara ìpín ẹni tó jókòó kọ tuntun lónìí ló ti dín. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo ti fi ìpínrọ̀ méjì àti fọ́tò ìkòkò aró rẹ̀ kún un. Mo rò ó pé kí n kọ ọ́ sókè gbangba pé mo ti gbé e jáde rí. Mo tún rò ó pé kí n má gbowó rárá, ṣùgbọ́n owó náà wúlò fún mi gan-an.

Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni àtúnṣe ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kó tó tọ́ láti gbowó lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ ná lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dáhùn.